Bọ́ọ̀lù Tí Ìbídùnní Gbé fún Olóyè

Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìsìnkú Sùnmọ́nù, tó bá Olóyè Akínlàjà ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún ọdún méjìlélógún, ni Olóyè, alága pápá gọ́ọ̀fù náà, ní kí Ìbídùnní, opó Sùnmọ́nù, kó jáde nínú yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé lẹ́yìn pápá. Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó bẹ Olóyè lójú àwọn ọ̀rẹ́ Olóyè. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àfi tí bọ́ọ̀lù mi bá já sínú adágún omi tó wà láàárín pápá yẹn lo tó lè dúró.” Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í já síbẹ̀ rárá. Ìbídùnní ní, “Ó dáa, sà. Ẹ gbá a nísinsìnyí.” Òun ló ń fọ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó bá mú méjì wá: ọ̀kan tuntun, èkejì bọ́ọ̀lù ìdánrawò tó ti gbó, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Ó ní, “Olóyè, ọmọdé pàápàá lè fi tuntun yìí kọjá omi. Ti ìdánrawò yìí ló ń fi alágbára hàn.” Àwọn ọ̀rẹ́ pàtẹ́wọ́. Olóyè já ti ìdánrawò gbà, ó sì gbá a tagbáratagbára. Bọ́ọ̀lù náà gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ìdánrawò kì í lọ jìnnà bíi tuntun: àárín omi ló já sí. Olóyè ní, “Máa gbé yàrá rẹ. Ta ló kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ bọ́ọ̀lù?” Ìbídùnní dáhùn pé, “Sùnmọ́nù ni, sà. Òun ló máa ń yan èyí tí ẹ fi ń kọjá omi.” Ó wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn tó ti fẹ̀ jù fún ẹnì kan, ó sì bú sẹ́kún.