Èéfín Tí Akínmúrelé Ò Rí

Òkun ló ń jẹ ìlú Òdóẹja. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka ìtàn yìí, orí ilẹ̀ líle lẹ ti ń sáré kiri, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé omi lè jẹ ìlú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn baba ńlá wa. Bí òkun bá ti ru, ilé tó wà létí omi á lọ, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á wá di ilé etí omi. Ó gbé igi àgbọn lọ, ó gbé sàréè àwọn òkú lọ, nígbà tó yá, iyọ̀ wọ inú kànga, àwọn ọmọdé ń mu ún, inú ń run wọ́n. Irà tí kò nísàlẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn ìlú. Wọn ò ríbi yà sí.

Akínmúrelé ló dìde. Akínmúrelé, atukọ̀ bí ẹni ń ṣeré, ọkọ Ọmọ́yẹni, ọkùnrin tí ìgbì ń gbá lójú tí kò fi àjẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ bá Ọlọ́jà, ìyẹn olórí ìlú, ó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ gba ojú agbami lọ sí ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, títí òun yóò fi rí ilẹ̀ gíga tó ní omi dídùn. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn àgbà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe? Wọ́n fún un ní ọkọ̀ tó tóbi jù nílùú àti àwọn géńdé tí yóò bá a tù ú. Ògúnfẹ̀yímí, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wà lára wọn.

Ó yẹ kí n sọ èyí kó yé yín dáadáa. Iṣẹ́ àwọn obìnrin Òdóẹja ni ẹja yíyan, ẹnu ọ̀nà omi ni ààrò wọn sì wà, níbi kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè gbà wọlé láìjẹ́ pé ìgbì fọ́ ọ. Nígbà ọyẹ́, tí ojú ọ̀run bá ti funfun tí a ò rí etíkun mọ́, èéfín ẹja yẹn ni àwọn atukọ̀ máa ń gbóòórùn wálé. Ìdí nìyẹn tí Akínmúrelé fi dúró nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ, tó kọjú sí àwọn obìnrin.

Ó ní, “Inú ọyẹ́ ni màá padà dé. Ojú mi ò ní rí yín. Èéfín yín ni màá fi mọ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú.”

Ìrìn náà le. Omi mímu fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, atẹ́gùn dà wọ́n síwá sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ẹja kan tó tóbi ju ọkọ̀ wọn lọ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fẹ́ omi sókè, àwọn géńdé tó ń fọ́nnu látilé bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá wọn. Akínmúrelé ní kí wọ́n máa tukọ̀ jàre, pé ẹja náà ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí ilẹ̀ pupa kan tó ga, odò kékeré ṣàn látinú igbó rẹ̀. Akínmúrelé bu omi náà mu, ó jókòó sínú iyanrìn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu díẹ̀ sínú akèrègbè ńlá kan fún Ọmọ́yẹni, ó sì dí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ jù. Nílé, ọyẹ́ ti dé tipẹ́, ó ti fẹ́ máa lọ, òkun tún ti gbé ilé lọ, gbogbo ìlú sì ń sọ pé Akínmúrelé ti kú. Àṣà wọn ni pé bí ẹnìkan bá bómi lọ, wọn yóò paná gbogbo ààrò láti àárọ̀ ọjọ́ ọ̀fọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí òkú má baà rò pé wọ́n ń pe òun wá jẹun. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó kúrò nílùú tí wọn ò bá tíì ṣọ̀fọ̀ ẹni tó bómi lọ. Ọlọ́jà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nítorí omi iyọ̀, ó fẹ́ kí kálukú kó ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìbátan tó bá ní létíkun mìíràn, bí ìlú tilẹ̀ máa tú ká. Ó ní kí wọ́n ṣọ̀fọ̀.

Ọmọ́yẹni kọ̀. Gbogbo ààrò ti kú, tirẹ̀ nìkan ló ń rú èéfín. Àwọn obìnrin wá bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní agídí rẹ̀ ló ń dá àwọn ọmọ dúró. Wọ́n gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn náà wá síwájú rẹ̀. Ó wo ọmọ náà títí. Ó gbé korobá omi, ó dà á síná.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ dé. Ó máa ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibí yìí. Akínmúrelé wo àwọ̀ omi, ó ní àwọn ti délé. Ó gbóòórùn sọ́tùn-ún, ó gbóòórùn sósì, ó ní kí gbogbo wọn gbóòórùn. Kò sí nǹkan kan. Ó ní, “Á jẹ́ pé a ò tíì débẹ̀,” wọ́n sì tukọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Kí wọ́n tó gbọ́ ariwo ìgbì, ọkọ̀ ti forí sọ òkìtì iyanrìn abẹ́ omi, ó ti là sí méjì. Akínmúrelé gbé akèrègbè náà lé Ògúnfẹ̀yímí láyà kó lè fi léfòó, ó yí padà láti lọ fa àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó tún rí i mọ́.

Ògúnfẹ̀yímí nìkan ló gúnlẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin etíkun wọ ìlú, ó bá gbogbo wọn níbi tí wọ́n ti ń sunkún. Wọ́n kọ́kọ́ sá fún un. Ó na akèrègbè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, a wá òórùn èéfín yín títí. Kí ló dé tí ẹ ò dáná?”

Ọmọ́yẹni ní, “Ọ̀fọ̀ rẹ̀ là ń ṣe.”

Ògúnfẹ̀yímí ló mú wọn dé ilẹ̀ pupa náà, ibi tí à ń pè ní Ilẹ̀-Akín lónìí. Ọmọ-ọmọ Ọlọ́jà mu omi ibẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó dàgbà, ó bímọ. Títí dòní, a kì í ṣọ̀fọ̀ ẹni tó lọ sójú òkun. A máa ń sọ pé ó ń bọ̀ lọ́nà ni. Ààrò kan sì wà létíkun wa tí iná rẹ̀ kì í kú. Ọmọ́yẹni ló kọ́kọ́ dá a. Ó ń kogi sí i títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ a máa wá bá a, wọn a ní kí ìyá sinmi, pé ẹni tí wọ́n ń retí ti kú tipẹ́.

Á ní, “Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí,” á sì ti igi mìíràn síná.