Ayàwòrán Tí Ó Rí Epo Tí Ń Jò

Ayàwòrán kan wà tí kì í ya ìyàwó ọ̀ṣìngín, kì í ya olóyè, kì í ya ọmọ tuntun. Bàlúù ogun nìkan ni ó ń yà.

Ìlú tí ó ń gbé kò jìnnà sí bárékè àwọn ọmọ ogun òfurufú. Lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, àwọn ọmọ ogun a máa gbé bàlúù wọn gòkè láti fi kọ́ ìjà. Wọn kì í yìnbọn fún ara wọn. Ọ̀kan á sá, èkejì á lé e. Bí ẹni tó ń lé bá ti rọ́nà wọ ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀, ó ti borí nìyẹn. Ayàwòrán yìí á gun àpáta kan tó wà lẹ́yìn bárékè, á gbé kámẹ́rà tí dígí rẹ̀ gùn bí apá sójú, á máa yà wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó ti ń ṣe é. Àwọn àwòrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́: bàlúù méjèèjì nínú àwòrán kan ṣoṣo, kí wọ́n súnmọ́ra débi pé ènìyàn á rí akoto orí àwọn awakọ̀ wọn.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso bárékè ránṣẹ́ pè é, ó sì fún un ní rédíò kékeré kan láti fi kọ́ ìbàdí.

“Ẹni tó wà nínú bàlúù kò lè rí abẹ́ ikùn rẹ̀,” ni ọ̀gágun wí. “Àwa tí a wà nínú ilé ìṣọ́, a jìnnà jù. Dígí tiyín ló lè rí i. Bí ẹ bá rí ohunkóhun tí kò yé yín, ẹ tẹ ibí yìí, kí ẹ ní, ‘Ẹ dá a dúró.’ Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé. Gbogbo wọn ló máa sọ̀ kalẹ̀.”

“Mo gbọ́, sà.”

Inú rẹ̀ dùn bí ó ti ń lọ sílé. Ó rò pé iyì ni wọ́n fún un. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un.

Ní ọjọ́ kẹta ìdánrawò náà, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Bàlúù méjì gòkè. Èyí tí wọ́n ń lé yí gbiri, ó sì fi ikùn han ayàwòrán. Nínú dígí rẹ̀ ó rí ohun kan bí òwú funfun tí ń tú láti abẹ́ apá òsì. Ó mọ̀ pé bí bàlúù bá yí kíákíá, kùrukùru funfun a máa yọ létí apá rẹ̀, a sì parẹ́ bí ó bá ti tọ́. Bàlúù yìí ti tọ́. Òwú funfun náà kò parẹ́. Epo ni. Kò ṣiyèméjì, ó mọ̀ pé epo ni.

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára kámẹ́rà, ó ń lọ sí ìbàdí. Ìgbà náà gan-an ni bàlúù kejì yọ láti inú oòrùn. Ó wọ ẹ̀yìn èkíní, àwọn méjèèjì sì bọ́ sínú dígí pọ̀. Ó rí akoto méjèèjì. Ó rí epo tó ń tàn yinrin láàárín wọn.

“Ẹyọ kan péré,” ni ó sọ fún ara rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ya ẹyọ kan. Ó ya òmíràn, nítorí pé oòrùn ti bọ́ síbi tó dára jù. Lẹ́yìn ìyẹn kò wá ìdí mọ́, ó ṣáà ń yà. Nígbà tí iná sọ lábẹ́ apá bàlúù, ó ya ìyẹn náà.

Bàlúù náà yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọ ẹ̀yìn òkè. Agboòrùn tí awakọ̀ fi ń fò bọ́ sílẹ̀ kò ṣí. Ìgbà tí ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó tó já rédíò gbà ní ìbàdí.

“Ẹ dá a dúró! Ẹ dá a dúró!”

Ohùn kan dáhùn láti ilé ìṣọ́, jẹ́jẹ́.

“Ó ti dúró, sà.”

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ yin ayàwòrán, nítorí àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi mọ páìpù epo tó ya. Wọ́n yẹ àwọn bàlúù yòókù wò, wọ́n sì rí mẹ́ta tí páìpù tiwọn náà ti ń sán. Olúkúlùkù wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà a máa kọ àkókò sára àwòrán. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tò wọ́n sórí tábìlì, ó ka àkókò láti orí èyí tí epo ti kọ́kọ́ hàn dé orí èyí tí iná sọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógójì. Ó gbójú sókè.

“Àbí rédíò yín kò ṣiṣẹ́ ni, sà?”

Kò fi ìbínú bi í. Ó dà bí ẹni tó ń bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Ayàwòrán wolẹ̀.

“Mo tẹ̀ ẹ́,” ni ó wí. “Kò dún.”

Sájẹ́ńtì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtimáa tọ́jú rédíò. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́. Ó búra pé òun dán rédíò náà wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó rán wọn létí pé ilé ìṣọ́ gbọ́ ohùn ayàwòrán nígbà tí bàlúù já. Wọ́n ní rédíò tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú ló burú jù. Wọ́n bọ́ aṣọ ogun lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá awakọ̀ tó kú wá sílé ayàwòrán. Ó jókòó. Kò gba omi.

“Wọ́n ní ojú yín ló rí Fọlárànmí kẹ́yìn.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó gbọ́ orúkọ náà. Nọ́ńbà ìdí bàlúù ni ó fi ń dá ọmọ náà mọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé ó mọ̀ pé ikú ń bọ̀?”

“Kò mọ̀, mà. Kò sí bí ó ṣe lè mọ̀.”

“Ọlọ́run ṣeun.” Ó fi etí ìró nu ojú. “Ohun tí kò jẹ́ kí n lè jẹun nìyẹn, pé bóyá ó mọ̀, kò wá rí ẹni ké sí. Ẹ ṣeun, bàbá. Ojú yín kò ní fọ́.”

Ó sin ìyá náà dé títì.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí bárékè. Wọ́n ti gbé ọ̀gágun àkọ́kọ́ lọ síbòmíràn. Èyí tuntun fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

“Rédíò ṣiṣẹ́, sà. Èmi ni n kò sọ̀rọ̀.”

“A ti pa fáìlì yẹn dé,” ni ọ̀gágun wí. “Ìyá ọmọ ti gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣé kí n tún pè é pé kó wá sunkún lákọ̀tun? Ẹ máa lọ sílé, sà.”

Bí ó ti ń jáde ni ó rí àwòrán bàlúù méjèèjì náà lára ògiri. Wọ́n ti sọ ọ́ di ńlá, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n kọ orúkọ ayàwòrán sí ìsàlẹ̀.

Ó wá ilé sájẹ́ńtì kàn. Ìyàwó rẹ̀ mú un wọlé. Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ayàwòrán dọ̀bálẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sájẹ́ńtì tẹjú mọ́ ọn. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jáde.

“Kò lè fọhùn mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú,” ni ìyàwó wí, ó sì yí ojú kúrò lára àlejò. “Ì bá ṣe pé ẹ tètè wá ni.”

Bóyá èpè ni ọkùnrin náà fẹ́ ṣẹ́, bóyá ìdáríjì ni, ayàwòrán kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Arákùnrin mi, láti àárọ̀ ni o ti jókòó níhìn-ín tí o ń ròyìn àbúrò rẹ fún mi. O sọ bí ọtí ṣe sọ ọ́ dà. O sọ bí aṣọ ṣe ń tóbi mọ́ ọn lára, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n bí ó bá di ife mú, ohun tí ó sọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dìde létí gọ́tà. O kò gbàgbé nǹkan kan. Ìròyìn náà dùn ún gbọ́. O ti sọ ọ́ fún mi, o ti sọ ọ́ fún pásítọ̀, o ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Nígbà tí mo bi ọ́ pé kí ni àbúrò rẹ fúnra rẹ̀ wí nígbà tí o bá a sọ̀rọ̀, o wolẹ̀.

Má ṣe rò pé nítorí pé o rí i dáadáa, o ti ṣe nǹkan kan fún un. Ẹni tí ó rí i, tí ó sì dákẹ́, kò sàn ju ẹni tí kò rí i lọ. Ó burú jù ú. Èmi kò sì lè fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ pé àkókò ṣì wà. Ó lè ti pẹ́ jù báyìí. Dìde, kí o lọ bá a.