Bí Ìjàpá Ṣe Gba Èbúté

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò jẹun yó ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi já jàbú sínú omi, ó ta sí Ìjàpá lójú, ó kan Alákàn níbi tó ti ń tọ́mọ.

Etí ọ̀sà ni àwọn ẹranko tẹ ìlú wọn dó sí. Ibì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ti lè gúnlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní èbúté. Ibẹ̀ náà ni Alákàn gbẹ́ ihò rẹ̀ sí, òun àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Opó ni. Kò ní ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ọmọ alákàn tí omi kò bá kàn lójoojúmọ́, gbígbẹ ló máa gbẹ kú.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gún gún Erinmi ọba lẹ́sẹ̀, Ìjàpá bá a yọ ọ́. Ọba ní kí ló fẹ́.

"Kábíyèsí, ẹ sáà fún mi ní èbúté."

"Mo ti fún ọ."

Ojú ẹsẹ̀ ló forí lé ọ̀dọ̀ Alákàn. Kò tilẹ̀ kí i!

"Ìyá oníhò, kó jáde."

"Háà! Ọkọ Yánníbo, kí ni mo ṣe yín?"

"Ibi tí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀ sí ni èbúté, àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ síbí?"

"Ó ń gúnlẹ̀."

"Ó parí. Ọba ti fún mi, tèmi ni."

Alákàn sunkún títí ojú rẹ̀ fi yọ síta. Títí di òní, ojú náà ò tíì padà wọlé. Ó kó ọmọ lọ sábẹ́ gbòǹgbò igi nínú ẹrẹ̀, níbi tí ẹyẹ ti ń ṣà wọ́n jẹ. Ló bá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ilé tí mo gbẹ́ sétí omi,
*Yanrìn, tere yanrìn!*
Ìjàpá ní n kó jáde,
*Yanrìn, tere yanrìn!*
Omi ò kan ọmọ mi mọ́,
*Yanrìn, tere yanrìn!*
Ẹyẹ ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
*Yanrìn, tere yanrìn!*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ ò gbè é dáadáa. Ó dáa, ẹ jẹ́ á máa lọ.

Ìjàpá wo èbúté, ó rí i pé ó há. Ilé ńlá ló fẹ́ kọ́, ilẹ̀ ò tó. Ọ̀lẹ sì ni, kò lè fúnra rẹ̀ ru yanrìn dí omi. Ló bá ṣòfin: ẹni tó bá fẹ́ gúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da agbọ̀n yanrìn kan sétí omi. Ọ̀bọ tó ń fi ọkọ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kùn títí, ó dà á. Ẹkùn dà á. Àjòjì dà á. Ìjàpá jókòó lórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dà á síwájú sí i! Ilẹ̀ mi ń dàgbà!"

Ilẹ̀ ń gbòòrò, omi ń sún lọ. Ìjàpá kọ́ ilé gàgàrà. Àwọn ará ìlú wá tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tó yá, àárò ilé sọ Alákàn, ó wá wo ojúlé rẹ̀ àtijọ́. Ó wá omi títí, kò rí. Ó ń gbọ́ ariwo àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó dúró, ó rò ó, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sí ààfin.

"Kábíyèsí, kí lẹ fún Ìjàpá?"

"Èbúté ni."

"Ẹ bá mi bi í, kí ló ń jẹ́ èbúté?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ó dé, ó ń ṣe fáàrí.

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ni ò mọ̀? Ibi tí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀ sí ni!"

Alákàn ní, "Ṣé ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé yín?"

Kó tó mọ ohun tó ń sọ, Ìjàpá ní, "Rárá, omi ti jìnnà síbẹ̀."

Ọba bú sẹ́rìn-ín. "Ìjàpá, ẹnu ẹ ló kó bá ẹ. Ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, ti gbogbo ìlú ni. Máa lọ sí èbúté rẹ."

Wọ́n pín ilẹ̀ náà, kálukú kọ́lé síbẹ̀. Ìjàpá lọ kọ́ ahéré sétí omi, ìgbì gbé e. Ó tún un kọ́, ìgbì tún gbé e. Kò mọ̀wẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bá omi lọ. Nígbà tó sú u, ó sá wọgbó. Alákàn bá kó àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù dé, ó gbẹ́ ihò tuntun sétí omi. Ìgbì dé, ó wọlé. Ìgbì lọ, ó jáde. Bí omi bá tún sún, òun náà á sún tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àdúgbò láàárín ìgboro tí wọ́n ń pè ní Èbúté, tí ẹ ó rìn ín já, tí ẹ ò sì ní rí omi tí ẹ ó fi bọ́jú.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi má tọ́ ọbẹ̀ wò lọ́la.