Eérú Ẹnu Ọ̀nà Ẹfúnyẹlá

Ní ìlú Òkè-Ìsun, obìnrin opó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹfúnyẹlá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì débi pé bí ènìyàn kò bá fọhùn, kò ní mọ ẹni tó dúró níwájú òun. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù fún un wà nílé ọkọ ní ìlú mìíràn tó jìnnà, ọmọ náà sì ń ránṣẹ́ ṣáá pé kí ìyá òun máa bọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ìyá ìyàwó kì í gbé ilé àna? Bí Ẹfúnyẹlá yóò bá lọ, àfi kó ní yàrá tirẹ̀ lọ́hùn-ún, kó má di ẹni tí wọ́n ń fojú di lẹ́yìn ààrò. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi kọ́ yàrá náà ni ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ sì ti ní kó tà á.

Ilé náà dára. Orí ilẹ̀ gíga ló wà, àgbàrá kì í dé ibẹ̀, odò sì wà nítòsí. Igi àgbálùmọ̀ kan ṣíji bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Láníhùn, aládùúgbò tí àwọn ìyàwó rẹ̀ ń se ọṣẹ dúdú tà, ti ń wo ilé yìí tipẹ́. Ojú rẹ̀ wọ ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kò fẹ́ wọ àpò. Nígbà tó gbọ́ pé aláṣọ kan tó ń jẹ́ Adégbìtẹ́ ti gbà láti ra ilé náà ní iye tó jọjú, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Àṣà kan wà ní Òkè-Ìsun. Bí wọ́n bá fura pé òkú ń wá sílé kan, wọn a da eérú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n bá rí ẹsẹ̀ nínú eérú náà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Láníhùn ní eérú lọ́pọ̀lọpọ̀ nílé ọlọ́ṣẹ. Ó sì ti gbọ́ pé Ẹfúnyẹlá sin ọmọkùnrin kékeré kan kí òun tó kó dé àdúgbò náà. Gbogbo ọmọ tó bá ti ṣeré nínú iyanrìn ló mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ìkúùkù tẹ ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, tí a ó sì fi orí ìka to ọmọ ìka ẹsẹ̀ sí i. Àgbàlagbà yìí kò tíì gbàgbé eré náà.

Ní ọjọ́ tí Adégbìtẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ wá wo ilé, eérú funfun ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọmọdé wà nínú rẹ̀, ó ń wọlé lọ. Kò sí èyí tó jáde.

Ìyàwó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Oyún ń bẹ nínú mi."

Wọn kò padà wá mọ́. Nígbà tí àwọn aládùúgbò sọ ohun tí wọ́n rí fún Ẹfúnyẹlá, ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ kékeré lẹ wí? Ṣé ó ń rìn dáadáa? Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn tán nígbà tó lọ." Ó bu èkuru díẹ̀ sínú àwo, ó gbé e sẹ́bàá ọ̀nà.

Láníhùn rí àwo yẹn. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá wo ilé, eérú á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn ń gba ọ̀nà ibòmíràn lọ sódò, iye tí wọ́n ń pe ilé náà sì ń já wálẹ̀ títí kò fi sẹ́ni tó ń pe iye kankan mọ́. Ìgbà náà ni Láníhùn wá jókòó ti opó náà.

"Ìyá, ẹ̀rù ń ba èmi náà o. Ṣùgbọ́n ará àdúgbò ni wá, mi ò lè máa wò yín níran."

Owó tó mú wá kò tó kọ́ ilé adìyẹ. Ẹfúnyẹlá gbà á, nítorí kò sí ohun tó tún lè ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ wá ẹsẹ̀ inú eérú náà. Ó rọra ń fi ìka kan ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Márùn-ún," ó wí.

"Kí ló jẹ́ márùn-ún, Ìyá?" Láníhùn, tó ti wá gba ilé, bi í.

"Olúgbódi ni mo bí. Mẹ́fà ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Kò bú Láníhùn, kò sì ṣépè. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ rán wá mú un fà á lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Láníhùn fúnra rẹ̀ gbá ẹnu ọ̀nà náà kó tó kó wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eérú tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré wà nínú rẹ̀, ó ń wọlé lọ, ọmọ ìka rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà. Ó rò pé àwọn ìyàwó òun ló ń fi òun ṣeré, ó sì kó gbogbo eérú ilé dà sódò. Ní ọjọ́ kejì ẹsẹ̀ náà ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ti dé ẹ̀bá ẹní rẹ̀, níbi tó gbé orí sí. Àwọn ìyàwó kó ọmọ wọn, wọ́n gba ilé bàbá wọn lọ.

Láníhùn wá ń wá ẹni tí yóò ra ilé. Nígbà tí kò rí, ó pe àwọn ará àdúgbò jọ, ó sì jẹ́wọ́. "Kò sí òkú kankan níbí. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́." Ó di ìkúùkù, ó tẹ̀ ẹ́ lójú wọn.

Bàbá àgbà kan tẹ̀ síwájú, ó wo èyí tí Láníhùn tẹ̀, ó sì wo èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Márùn-ún ni tìrẹ, Láníhùn. Ta ló ni mẹ́fà yìí?"

Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ìdáhùn. Láníhùn sá lọ sí ahéré oko rẹ̀, eérú bá a débẹ̀. Ó lọ sùn sílé ọ̀rẹ́, eérú wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀rẹ́ náà láàárọ̀, ọ̀rẹ́ sì ní kó máa lọ.

Níkẹyìn ó kó ìyókù owó tó yẹ ilé náà, ó wá Ẹfúnyẹlá lọ. Ẹ̀yìn ààrò àna ló ti bá a, ó ká ẹsẹ̀ kò, ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ yín kúrò lẹ́yìn mi."

Ẹfúnyẹlá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó wá rọra fọwọ́ wá ilẹ̀ títí ó fi kan ẹsẹ̀ Láníhùn, ó sì bá eérú lára àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ náà mú fún ìgbà pípẹ́, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo rán an, Láníhùn," ó wí. "Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti ń retí rẹ̀, kò wá sọ́dọ̀ mi rí. Bó bá jẹ́ pé ó ń gbọ́ ìpè mi ni, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni ǹ bá ní kó lọ?"

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.