Ìdí Tí Edun Kò Fi Ní Àtàǹpàkò

Nígbà láéláé, kí igbó tó rí bó ṣe rí lónìí, edun ní àtàǹpàkò bíi ti ọmọ ènìyàn, ilẹ̀ ló sì ń gbé.

Ọdún kan wá tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Odò kan ṣoṣo ló kù. Ẹfọ̀n fi igi ẹlẹ́gùn-ún sọgbà yí i ká, ó ní ilé òun nìkan ni yóò máa mu ún. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀!

Edun kan wà tó ń jẹ́ Àyọ̀ká, ìyálọ́mọ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bẹ Ẹfọ̀n.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ètè ọmọ mi ti ń bó.”

Ẹfọ̀n ò tilẹ̀ gbójú sókè. Àwọn edun lọ bá Erin, ọba igbó.

“Ẹ ní sùúrù,” ni Erin wí. “A óò gbé e yẹ̀ wò.”

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ aládùúgbò Àyọ̀ká kú sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Òkúta kan fò, igba tẹ̀ lé e. Àyọ̀ká náà ń sọ òkúta, ó ń kígbe, kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ lù mọ́. Ọgbà wó, ọmọ rẹ̀ sì mumi yó.

Ìgbà tí eruku rọlẹ̀ ló tó rí Àparò, tí ìtẹ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọgbà. Gbogbo ẹyin rẹ̀ ti fọ́.

“Kí ni mo fi ṣe yín?” ni Àparò béèrè.

Àyọ̀ká wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Erin tí wọ́n ti ń retí látọjọ́ yìí dé wéré. Ó ní kí wọ́n gé àtàǹpàkò gbogbo ẹni tó sọ òkúta.

Àyọ̀ká bọ́ síwájú. “Kábíyèsí, ẹ gé tèmi. Mo fọ́ ẹyin aláìṣẹ̀, ìyà tọ́ sí mi. Ẹni tó sọgbà yí omi ká ńkọ́?”

Erin wo ìwo Ẹfọ̀n. Ó wúkọ́, ó ní ẹjọ́ ti parí.

Wọ́n gé ti gbogbo wọn, Ẹfọ̀n sì tún ọgbà rẹ̀ ṣe. Àwọn edun kó lọ sórí igi, wọ́n ń lá ìrì lára ewé. Nígbà tó yá, Àyọ̀ká bí ọmọ mìíràn. Ó tú ọwọ́ ọmọ náà wò, ìka mẹ́rin ló bá. Ó tú ìkejì, mẹ́rin náà ni. Ẹnu yà á débi pé kò lè sunkún. Ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan òkúta rí!

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bí ọmọ edun láìní àtàǹpàkò. Ní ti Ẹfọ̀n, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í ní nǹkan kan.