Igba Bàtà Tí Ọ̀kùn Wọ̀ Lọ Sílé Àna

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè, orí Ọ̀kùn onígba ẹsẹ̀ ló bà lé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, ẹ sún mọ́ iná. Bí mo bá dá orin, "Múlọ́múlọ́" ni ègbè yín. Ẹni tó bá sùn, òun ni yóò bu omi lọ́la!

Ní ìgbà kan, Ọ̀kùn fẹ́ràn Àwẹ̀ró, ọmọ Ìgbín, débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà yẹ lẹ́ni tí à ń fẹ́ lóòótọ́: ó ti gbé ilé tirẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ kò ní í kọ́lé. Ṣùgbọ́n Ekòló náà ń fẹ́ ẹ. Ni Ìgbín bá ní, "Ẹ wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní mi ló ni ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà tẹ ilẹ̀ ilé mi o! Itọ́ ara mi ni mo fi dán an."

Ọ̀kùn wo Ekòló, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kò lẹ́sẹ̀, kí lo fẹ́ fi rìn dé ilé àna? Èmi yóò wọ bàtà sí gbogbo ẹsẹ̀ mi. Kí n tó bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ayé á ti rí i."

Ó gba ilé Ìyá Àgùntàn lọ. Irun ara rẹ̀ ni ìyá yìí fi ń hun nǹkan ilé: ìrọ̀rí, fìlà, òṣùká.

"Ìyá, ẹ bá mi hun bàtà."

"Mélòó, ọmọ mi?"

"Ẹ ṣáà máa hun ún lọ."

Ìyá hun, hun, hun, títí irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi tán, títí irun ẹ̀yìn rẹ̀ fi tán. Nígbà tí Ọ̀kùn rí bàtà, ó figbe ta. "Ìyá, agbọ̀n lẹ hun yìí! Ṣé Erin ló ni ín ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ hun ún tóbi ni. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni yóò sọ ọ́ di kékeré." Ó rì í sómi gbígbóná, ó fi ọṣẹ sí i, ó fi ọwọ́ ra á, fọ́ṣọ́-fọ́ṣọ́-fọ́ṣọ́! Bàtà súnkì, ó ki, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó bá ẹsẹ̀ Ọ̀kùn mu rẹ́gí. "Ó tó báyìí o," ni Ìyá wí. "Má ṣe jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án mọ́. Bí irun mi bá ń súnkì, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró."

Ọjọ́ pé. Ọ̀kùn wọ bàtà láti kùtùkùtù títí oòrùn fi kan àtàrí. Ló bá rí eruku bíńtín lára bàtà tó gbẹ̀yìn. "Háà! Eruku ni n ó wọ̀ lọ sílé àna?" Ó gbé omi kaná, ó da ọṣẹ sí i, ó kó gbogbo ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tòun ti bàtà. Ó ń ké "yéè", ó ń fọ̀ ọ́, fọ́ṣọ́-fọ́ṣọ́-fọ́ṣọ́! Bàtà mọ́ tónítóní. Bàtà sì fún un lẹ́sẹ̀ pinpin. Ó rò pé ẹwà ni.

Ọ̀kùn ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà Ìgbín. Ó fa bàtà àkọ́kọ́, kò bọ́. Ó fà á, ó fà á, pọ́ù! Ó wo ìyókù, òógùn bò ó, ó fi orin sẹ́nu:

Bàtà mi, bọ́ lẹ́sẹ̀ o
*Múlọ́múlọ́*
Àna mi tẹ́ní dè mí
*Múlọ́múlọ́*
Ìyàwó mi ń wò mí
*Múlọ́múlọ́*
Bọ́, kí n wọlé jókòó
*Múlọ́múlọ́*

Ìgbín pè é láti inú ilé. "Ọ̀kùn, wọlé o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mò ń bọ́ bàtà." Ti àyà nìkan ló ti bọ́. Pọ́ù! Pọ́ù!

Ìgbín tún pè é. "Ọ̀kùn, wọlé o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ó kù díẹ̀." Ó ti dé ikùn. Ó tún kọrin. Ẹ gbè é fún un, àánú rẹ̀ ń ṣe mí! Ibẹ̀ ni Ekòló ti wọ́ dé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wò ó títí. "Ọ̀rẹ́, ǹ bá bá ọ fà á, n kò lọ́wọ́ ni." Ó sì kọjá lọ.

Ìgbín pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Bàtà kan péré ló kù, ti ìdí pátápátá. Ọ̀kùn ní kí òun fi tọrọ àforíjì, ó ki orí wọlé.

"Bàtà!" ni Ìgbín ké.

Ọ̀kùn padà síta. Ó fà á, ó fi eyín fà á, pọ́ù! Ó sáré wọlé. Ta ló bá lórí ẹní? Ekòló ni, Àwẹ̀ró sì jókòó tì í.

"Bàbá, èmi ni mo kọ́kọ́ dé!"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dé," ni Ìgbín wí, "òun ló kọ́kọ́ jókòó."

Ó dun Ọ̀kùn wọ eegun, bẹ́ẹ̀ kò sì léegun. Ojú tì í, ó ká rúgúdú sórí ilẹ̀ dídán náà, ó sunkún. Títí di òní, bí ẹ bá fọwọ́ kan Ọ̀kùn, ó máa ń ká: ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, bóyá bàtà kan ṣì kù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ fi yangàn lọ́nà dí yín lọ́wọ́ ohun tí ẹ torí rẹ̀ jáde nílé. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá sì ní "ó tó", ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Àlọ́ mi ti bọ́ bàtà, ó ti wọlé.