Ẹni Tí Ẹkùn Ń Lé Kì í Ṣẹ́ Ewé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbé ẹmu yín sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣì ń bí mi nínú títí di òní. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, ilé Láníhun, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló gbé dàgbà. Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú Àwẹ̀ró àbúrò rẹ̀ lọ sílé kan náà, ó sáré tọ Baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé wa lọ, abúlé tó jẹ́ pé ọdẹ ni gbogbo ọkùnrin ibẹ̀.

“Ẹ má fi ọmọ náà fún un. Ó máa ń lù mí.”

“Ọjọ́ wo ló lù ọ́?” ni Baálẹ̀ bi í. “Kí lo ṣe? Ta ló wà níbẹ̀?”

“Ó máa ń lù mí ni, bàbá. Ẹ̀rù máa ń bà mí ní gbogbo ìgbà.”

“Ẹ gbọ́ o! A ní kó mú ọjọ́ kan wá, ó kó gbogbo ìgbà dé!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí kò bá rí ọjọ́ kan sọ kó tó di ọjọ́ ọjà, Àwẹ̀ró yóò lọ.

Ó yà mí lẹ́nu. Báwo ni ènìyàn ṣe lè jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má mú ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀? Mo gbé ìbọn, mo kọrí sí Igbó Amúnigbàgbé, níbi tí wọ́n ní iwin kan wà tó mọ ìdí ohun tí ènìyàn ń gbàgbé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ọdẹ, mo ń ṣẹ́ ewé bí mo ti ń lọ, kí n lè mọ ọ̀nà padà. Àfi bí ẹkùn olójú mẹ́ta, tí èéfín ń yọ nímú rẹ̀, ṣe bú jáde! Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ki eré mọ́lẹ̀, ó di ìdí ògán kan. Iwin kan tí kò ga ju ọmọ odó lọ jókòó sórí rẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, ó ń jẹ obì.

“Ọdẹ aláriwo, ọ̀nà wo lo gbà dé?”

“Mo sáré ni.”

“Igi wo lo kọ́kọ́ kọjá?”

“Igi ṣáà ni!”

“Odò ńkọ́?”

“Mo ní mo ń sáré!”

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ láti orí ògán. “Òpùrọ́! Ẹkùn kankan ò lé ọ. Ewé tí o ṣẹ́ dà?”

Inú bí mi. “Wo ojúgun mi bó ti bó! Ẹni tí ẹkùn ń lé, ṣé ó ń dúró ṣẹ́ ewé ni?”

Bí mo ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ ara mi ti gbá mi létí.

“O ti dá ara rẹ lóhùn,” ni iwin wí. “Ọmọ tí ẹ̀rù ń lé láti kékeré, eré nìkan ló mọ̀. Kò ṣẹ́ ewé sí ọjọ́ ibi, kò ṣẹ́ sí ọjọ́ ire. Bi í léèrè ọjọ́ ire, kí o wò ó. Ó yá, rọra máa lọ. Ẹni tó bá ń sáré kò ní rí ewé.”

Mo rọra rìn títí mo fi rí ewé kan tó ṣẹ́, mo sì tọ ipa àwọn ìyókù délé.

Lọ́jọ́ ọjà, lójú gbogbo àgbà, mo ní, “Ọdẹ́bùnmi, ìyá-ńlá rẹ tí gbogbo wa mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ, sọ ọjọ́ kan tó ṣe ọ́ lóore.”

Ó ronú títí. “Wọ́n máa ń ṣìkẹ́ mi, bàbá.”

“Ọjọ́ wo?”

Ó mi orí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo kọjú sí wọn. “Ṣé irọ́ ló pa mọ́ ìyá-ńlá rẹ̀ náà? Ẹ̀yin ọdẹ, ta ló ṣẹ́ ewé nínú yín nígbà tí ẹranko ń lé e?”

Baálẹ̀ wo àpá tí ẹfọ̀n dá sí i lápá. Ó ní, “Àwẹ̀ró kò lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò máa gbé.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kọ́kọ́ gba ọmọ lẹ́nu ẹkùn, kí ẹ tó bi í pé igi wo ló kọjá. Lánàá, Ọdẹ́bùnmi ń gúnyán, ó ṣàdédé rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí Àwẹ̀ró kó dé ọ̀dọ̀ mi? Òjò ṣú, ó gbé adìẹ funfun kan mọ́ àyà, adìẹ náà sì ṣu sí mi láṣọ!”

Ó ti ṣẹ́ ewé kan.